Kẹ́ ẹ tó sanwó ilé ní Manchester, ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ ń sanwó fún

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ wá kàwé ní Manchester, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ kankan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni torí ilé. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ ni pé ìbéèrè kan náà ni mo ń rí nínú gbogbo gúrúùpù WhatsApp tí mo wà, "ẹ jọ̀ọ́ éjẹ́ǹtì ní kí n san oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é?", "ẹ jọ̀ọ́ wọ́n ní kí n mú guarantor wá, níbo ni mo ti fẹ́ rí i?", lẹ́yìn náà lẹ ó wá rí ìdáhùn bí ogún tí ìkíní ò bá ìkejì mu, ẹnì kan á lóun sanwó ọdún kan láìsí wàhálà, ẹlòmíì á ní olè ni gbogbo wọn. Wọn ò sì purọ́ o. Irú ilé tí kálukú wọn gbé ló yàtọ̀, òfin tó de ìkan ò de ìkejì, ẹni tó ń dáhùn ò sì mọ̀ pé irú ilé tòun kọ́ ni wọ́n ń bi òun.

L'Ékòó tàbí n'Ìbàdàn, tẹ́ ẹ bá ti rí ilé, gbogbo wa la mọ ohun tó kàn: rẹ́ǹtì ọdún kan, nígbà míì méjì, owó àgírímẹ́ǹtì, owó kọ́míṣàn, owó caution, ẹ gba kọ́kọ́rọ́. Ìlànà yẹn la máa ń gbé sọ́kàn wá síbí, òun ló sì ń kó bá wa. Níbí, ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ bi ara yín ni pé, ta ni mo fẹ́ sanwó fún yìí gan-an? Ó lè jẹ́ yunifásítì fúnra ẹ̀. Ó lè jẹ́ kọ́ńpìnnì tó kọ́ họ́sítẹ̀ẹ̀lì ńlá fáwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó lè jẹ́ onílé tàbí éjẹ́ǹtì ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ẹni tóun náà ń gbébẹ̀, tó ní kẹ́ ẹ wá gba yàrá kan lọ́wọ́ òun. Iye tí wọ́n lè gbà ṣáájú, ibi tí dìpọ́sítì yín ń lọ, bẹ́ ẹ ṣe lè jáde, bí wọ́n ṣe lè lé yín, orí ìdáhùn yẹn ni gbogbo ẹ̀ dúró lé.

Èmi fúnra mi, oṣù January ni mo dé. Arákùnrin kan nínú gúrúùpù ní yàrá wà ní Levenshulme, £450 lóṣù, iná àti gáàsì wà nínú ẹ̀. Mo san oṣù kan, mo tún san oṣù kan dìpọ́sítì, kò sí ìwé kankan, voice note la fi ṣe gbogbo àdéhùn, ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni onílé gan-an wá yẹ ilé wò, ó bá mi ní kíṣìnnì, ó ní ta ni mí. Kò mọ̀ mí rí, kò mọ̀ pé ẹnì kankan ń gba owó lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fún mi kí n kó jáde, mi ò sì rí dìpọ́sítì mi gbà títí dòní. Mo sunkún o, torí assignment méjì ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn, ohun àkọ́kọ́ tí obìnrin tó dá mi lóhùn bi mí ni pé ìwé wo ló wà lọ́wọ́ mi. Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Àtọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó bá ti jẹ mọ́ òfin ilé níbí, ohun tí mo rí ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ti yunifásítì, torí òun ló rọrùn jù. University of Manchester ní hall ní Fallowfield, ní Victoria Park, àti létí Oxford Road níbi tí kíláàsì wà. Iná, omi, íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ẹ̀ ti wà nínú owó ẹ̀, wọn kì í sábà béèrè guarantor (oníduró), ẹ sì lè ti Nàìjíríà forúkọ sílẹ̀ kí ọkàn yín balẹ̀ pé owó yín ò ní sọnù. Àǹfààní kan tún wà ńbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀. Ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé wọ́n máa ń wo owó báǹkì yín fún físà, láti November 2025 ó ti di £1,171 lóṣù fún ẹni tí ò ní gbé London, oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n máa ń kà fún kọ́ọ̀sì tó gùn, ìyẹn £10,539. Tẹ́ ẹ bá ti san nǹkan sílẹ̀ fún hall tó jẹ́ ti yunifásítì yín fúnra ẹ̀, wọ́n lè yọ ọ́ kúrò nínú iye yẹn, ó ní ibi tó mọ ṣá, kì í ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá san. Èyí tẹ́ ẹ san fún lánlọ́ọ̀dù tàbí fún kọ́ńpìnnì ò sí lára ẹ̀. Torí náà éjẹ́ǹtì tó bá sọ fún yín pé "ẹ san rẹ́ǹtì ọdún kan fún mi, àwọn tó ń fúnni ní físà máa yọ ọ́ fún yín", irọ́ ló ń pa fún yín, ẹ sá fún un.

Ìṣòro hall ni àsìkò. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n fi gbèdéke sí, ẹni tó bá kọjá ẹ̀ á máa dúró bóyá ẹnì kan á gé tiẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ ní January náà, yàrá tó ṣẹ́ kù ló máa rí. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀ ń mú ìyàwó tàbí ọkọ àtọmọ bọ̀, yàrá tí ìdílé lè gbé níbẹ̀ ò pọ̀ rárá. (Láti January 2024, àwọn tó ń ṣe PhD àti master's oníwàádìí nìkan ni wọ́n tún ń jẹ́ kó mú ẹbí dání lórí físà akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó ń ṣe master's oníkíláàsì ò lè mú ẹnikẹ́ni àfi tó bá jẹ́ pé ìjọba ló ń san owó ẹ̀kọ́ ẹ̀.)

Lẹ́yìn ìyẹn làwọn kọ́ńpìnnì, àwọn ilé gogoro tẹ́ ẹ máa rí ní àárín ìlú àti lójú ọ̀nà Oxford Road, Unite Students, iQ àti irú wọn. Yàrá wọn dáa, síkúríítì wà, ṣùgbọ́n owó wọn ń ga. Ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń ka owó, ọ̀sẹ̀ 44 tàbí 51 ló wọ́pọ̀ jù. Ẹ má jẹ́ kí owó ọ̀sẹ̀ tàn yín: £190 lọ́sẹ̀ dà bíi pé ó mọ níwọ̀n, àmọ́ ẹ sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ 51 kẹ́ ẹ rí £9,690. Ohun tó tún ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ sí ìwé wọn, ẹ ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, ẹ ò lè ní ilé ò wù mí mọ́ ní November kẹ́ ẹ kó lọ, ẹ máa ní láti wá akẹ́kọ̀ọ́ míì tó máa gba yàrá yẹn lọ́wọ́ yín, títí dìgbà yẹn ẹ̀yin lẹ ó máa sanwó ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó fún wọn, ẹ béèrè, ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé: tí físà mi ò bá jáde ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ló ní ìlànà pé táwọn tó ń fúnni ní físà bá kọ̀ yín àwọn á dá owó padà, ṣùgbọ́n ó máa ń ní ọjọ́ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ̀ yín.

Ó wá kan onílé àdáni, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ilé onílé yìí ló kún Fallowfield, Withington àti Rusholme, àwọn ilé bíríkì pupa tó tò léra, tí èèyàn mẹ́rin márùn-ún á pín kíṣìnnì àti balùwẹ̀. Bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ìyeyè 142 àti 143 ló ń gba Wilmslow Road lọ sí Oxford Road, kò sí wàhálà, wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sún mọ́ oúnjẹ ilé, Moss Side àti Longsight dáa, ẹ máa rí ẹlẹ́lùbọ́ àti ẹja gbígbẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ǹtì tó wálẹ̀ díẹ̀ á wo Levenshulme, Cheetham Hill, tàbí kó kọjá sí Salford, ṣùgbọ́n ẹ ro owó ọkọ̀ mọ́ ọn, ẹ sì ro iṣẹ́ alẹ́ tẹ́ ẹ lè máa ṣe, torí ilé tí ò ní bọ́ọ̀sì láago méjì òru lè di owó Uber fún yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìṣirò kan rèé tó ti da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Tẹ́ ẹ bá rí "£150 pppw", owó èèyàn kan fún ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn, kì í ṣe owó gbogbo ilé. Ẹ má fi mẹ́rin lọ́nà £150 kẹ́ ẹ ní £600 lóṣù, torí oṣù ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ. Ẹ fi 52 lọ́nà ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi 12 pín in, £650 lẹ máa rí. £50 tó lé yẹn ló ń dé bá èèyàn lójijì lóṣooṣù. Tí wọ́n bá tún kọ "bills included", ẹ béèrè iye tó mọ, torí ọ̀pọ̀ onílé ló máa ń fi ibi tí iná àti gáàsì gbọ́dọ̀ dé sí i, tẹ́ ẹ bá kọjá ẹ̀ nígbà òtútù ẹ̀yin lẹ máa san ìyókù.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì nìyí: joint tenancy. Tẹ́yin mẹ́rin bá jọ fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo, gbèsè ìkan ni gbèsè gbogbo yín. Tí ẹnì kan bá sá lọ tàbí tí kò sanwó, onílé lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè gbogbo owó náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú yín, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni tó jẹ ẹ́. Kì í ṣe ìwà ìkà, ohun tẹ́ ẹ fọwọ́ sí nìyẹn. Èyí tó bá jẹ́ ìwé yàrá ni kálukú gbà, tí orúkọ yín nìkan wà lórí tiyín, kò sírú ẹ̀ ńbẹ̀. Èmi máa ń gba ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ò tíì mọ ẹnì kankan dáadáa, nímọ̀ràn pé kó wá ilé tí wọ́n ti ń fúnni ní ìwé yàrá, kódà tó bá fi díẹ̀ wọ́n ju èkejì lọ.

Òfin tuntun tí gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ báyìí, Renters' Rights Act, ọba fọwọ́ sí i ní October 2025, ọjọ́ 1 May 2026 ni wọ́n sì fi bíbẹ̀rẹ̀ apá tó kan àwa ayálégbé sí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló wà fún o, ẹni tó ń lọ sí Glasgow tàbí Cardiff, òfin tiyín yàtọ̀. Ohun tó ṣe ni pé, nílé onílé àdáni, kò sí àgírímẹ́ǹtì ọdún kan tí wọ́n dì pa mọ́ èèyàn mọ́, oṣù sóṣù ni, ẹ lè fún onílé ní notice oṣù méjì kẹ́ ẹ máa lọ. Onílé náà ò lè kàn jí lọ́jọ́ kan kó ní kẹ́ ẹ kúrò láìsí ìdí tó bófin mu. Tó bá jẹ́ ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan jọ ń gbé ni, ó lè gba ilé ẹ̀ láàárín June sí September kó lè fún akẹ́kọ̀ọ́ míì, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́ fún yín nínú ìwé ṣáájú, kó sì fún yín ní oṣù mẹ́rin. Ẹ tún wo ibi tó ti kan joint tenancy: tí ẹnì kan péré bá kọ notice, gbogbo àgírímẹ́ǹtì yẹn ló máa parí, ti ẹ̀yin tó kù náà. Ẹ yáa jọ sọ̀rọ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ìdáhùn sí ìbéèrè oṣù mẹ́fà wà nínú òfin yìí kan náà. Tẹ́lẹ̀, torí pé àwa tá a ti òkè òkun wá kì í ní guarantor, oṣù mẹ́fà, nígbà míì ọdún kan ni wọ́n máa ń ní ká kó kalẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé ló sì ti ta ilẹ̀ torí ẹ̀. Fún àgírímẹ́ǹtì tẹ́ ẹ bá ṣe lẹ́yìn 1 May 2026 pẹ̀lú onílé àdáni, kò gbọ́dọ̀ gba ju oṣù kan lọ ṣáájú, kò sì gbọ́dọ̀ gba rẹ́ǹtì kankan kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Àmọ́ hall yunifásítì ò sí lábẹ́ èyí, họ́sítẹ̀ẹ̀lì àwọn kọ́ńpìnnì tó bá ti wọ ìlànà tí ìjọba fọwọ́ sí náà ò sí lábẹ́ ẹ̀, àwọn yẹn ṣì lè ní kẹ́ ẹ san ti táàmù kan tàbí ti ọdún. Ṣẹ́ ẹ rí i báyìí pé ẹni tó ní "ẹ san án" àtẹni tó ní "ẹ má san án", òótọ́ làwọn méjèèjì ń sọ?

Guarantor ni ẹni tó fọwọ́ sí i pé tẹ́ ẹ ò bá sanwó òun á san án, ẹni tó ń gbé ní UK tó ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fẹ́. Wọ́n ṣì lè béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ yín. Kẹ́ ẹ tó lọ máa bẹ àǹtí ọ̀rẹ́ ìyá yín ní Birmingham, ẹ béèrè lọ́wọ́ yunifásítì yín, torí àwọn kan ń ṣe guarantor fún akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Àwọn kọ́ńpìnnì kan náà ń ṣe é, wọ́n á gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ má sì bínú sí ẹbí tó bá kọ̀, torí nínú joint tenancy ẹni tó bá fọwọ́ sí i láìka ìwé dáadáa lè bá ara ẹ̀ nínú gbèsè àwọn tí ò mọ̀ rí.

Owó míì ńkọ́? Láti June 2019, éjẹ́ǹtì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò gbọ́dọ̀ gba owó àgírímẹ́ǹtì lọ́wọ́ ayálégbé, kò gbọ́dọ̀ gba kọ́míṣàn, kò gbọ́dọ̀ gba owó pé òun fẹ́ wádìí yín. Onílé ló ń sanwó iṣẹ́ éjẹ́ǹtì. Tí ọmọ Nàìjíríà kan bá ní kẹ́ ẹ fún òun ní "agency fee" £200 torí pé òun bá yín rí yàrá, kò sí nínú òfin. Ohun tí wọ́n lè gbà ni holding deposit, kò gbọ́dọ̀ ju rẹ́ǹtì ọ̀sẹ̀ kan lọ, pé kí wọ́n má fún ẹlòmíì ní yàrá náà, àti dìpọ́sítì gan-an, kò gbọ́dọ̀ ju rẹ́ǹtì ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ. Dìpọ́sítì yìí ni caution tiwa, ṣùgbọ́n níbí onílé ò lè kàn fi í sápò lásán. Láàárín ọjọ́ 30 tó bá gbà á, ó gbọ́dọ̀ fi í sábẹ́ ọ̀kan nínú ibi mẹ́ta tí ìjọba yàn, DPS, MyDeposits tàbí TDS, kó sì fún yín ní ìwé tó sọ èyí tó fi í sí. Tí kò bá ṣe é, kóòtù lè ní kó san owó yẹn padà pẹ̀lú ìlọ́po kan sí mẹ́ta ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jáde tó ní òun ò dá a padà torí ẹ ba ògiri jẹ́, àwọn tí dìpọ́sítì wà lábẹ́ wọn yìí máa dá sí i láìgba kọ́bọ̀, ẹ̀rí ni wọ́n máa wò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn pé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ tó tú báàgì, ẹ ya fídíò gbogbo ilé, inú fíríìjì, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kápẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà tó wà lójú mítà iná àti gáàsì, kẹ́ ẹ fi í ránṣẹ́ sí onílé nípasẹ̀ ìmeèlì lọ́jọ́ náà, kí déètì lè wà lórí ẹ̀.

Onílé tó dáa náà máa béèrè ìwé lọ́wọ́ yín. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kó rí i dájú pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti yálé, káàdì BRP àtijọ́ tó ń fi hàn pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé UK ti kásẹ̀ ńlẹ̀ ní ìparí 2024, eVisa tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló kù, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wọ ìkànnì gov.uk kẹ́ ẹ gba share code tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà R, ọjọ́ 90 ló fi ń ṣiṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni. Kóòdù yẹn àti ọjọ́ ìbí yín ló nílò. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fún òun ní password yín, ẹ má fún un láéláé. Mo tiẹ̀ máa ń sọ pé onílé tí ò bèèrè ìwé kankan lọ́wọ́ yín ló yẹ kẹ́ ẹ fura sí.

Ẹ̀yin náà ẹ béèrè tiyín. Ilé tí èèyàn márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ń gbé tí wọn kì í ṣe ìdílé kan náà gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì HMO, ti ilé tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń gbé, láti ọ̀dọ̀ council, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀. Yàrá tí àgbàlagbà kan máa sùn nínú irú ilé yìí ò gbọ́dọ̀ kéré sí skúẹ́à mítà 6.51, torí náà stóòrù tí wọ́n ju bẹ́ẹ̀dì sí kì í ṣe yàrá. Ọdọọdún ni wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ gáàsì wò kí wọ́n sì fún yín ní ìwé ẹ̀. Ẹ wo igun ògiri àti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù dáadáa fún mọ́óòdù, nǹkan dúdú dúdú tó máa ń hù síbi tó bá tutù. Ẹ má fojú kékeré wò ó. Ní Rochdale, tí ò jìnnà sí Manchester rárá, ọmọ ọdún méjì kan tó ń jẹ́ Awaab Ishak kú ní December 2020 torí mọ́óòdù tó wà nínú fúláàtì tóun àtàwọn òbí ẹ̀ ń gbé, ọmọ Sudan làwọn òbí ẹ̀, bàbá ẹ̀ sì ti fẹjọ́ sùn títí kó tó ṣẹlẹ̀. Orúkọ ọmọ yẹn ni wọ́n fi sọ òfin tó ń mú àwọn tó ni ilé ìjọba àti housing association (àjọ tó ń yálé fún èèyàn lówó pọ́ọ́kú) báyìí pé kí wọ́n tètè tún irú ẹ̀ ṣe. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ tẹ́nì kan nínú wa ní "kò burú, a ó fara dà á, ká má bàa bí onílé nínú". Ẹ kọ ọ́ sínú ìmeèlì, ẹ so fọ́tò mọ́ ọn, tí kò bá dáhùn ẹ lọ bá council. Kò ní kan físà yín.

Ó kù ẹni kẹrin, ẹni tóun náà ń gbé inú ilé. Kì í ṣe gbogbo wọn ló burú o, ìdílé kan lè ní yàrá tó ṣófo kí wọ́n gbà yín síbẹ̀, lodger ni wọ́n ń pe irú yín, ó sì lè tura gan-an fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí òtútù àti àdánìkanwà fẹ́ pa. Ẹ kàn mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá ń bá ẹni tó nilé gbé, òfin ò fi dandan mú un láti kó dìpọ́sítì yín pamọ́ síbi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, kò sì pọn dandan kó lọ kóòtù kó tó ní kẹ́ ẹ máa lọ, àsìkò tó mọ́gbọ́n dání ló kàn máa fún yín. Torí náà ẹ má san dìpọ́sítì tó pọ̀, ẹ gba ìwé tí orúkọ yín, àdírẹ́sì, iye owó àti iye ọ̀sẹ̀ notice wà lórí ẹ̀, ìwé yẹn náà lè ràn yín lọ́wọ́ ní báǹkì.

Èyí tó léwu ni tẹni tó yálé, tó tún ń fi yàrá yálé fún yín láìjẹ́ kí onílé mọ̀, bíi tèmi. Tó bá wá lọ jẹ́ ilé council tàbí housing association, láti 2013, ẹni tó bá kó kúrò níbẹ̀, tó wá mọ̀ọ́mọ̀ fi í yálé fún èèyàn lábẹ́lẹ̀, lè di ọ̀daràn. Ẹ bi í pé ta ló nilé. Ẹ ní kó fi ìwé tí onílé fi gbà fún un hàn yín. Tó bá ní òun gan-an ló nilé, ìkànnì Land Registry ti ìjọba máa fi orúkọ ẹni tó nilé hàn yín fún £7. £7 yẹn ì bá ti gba £450 dìpọ́sítì mi sílẹ̀ fún èmi. Bó ṣe jẹ́ pé a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kan náà, tá a sì jọ ń sọ Yorùbá, kò túmọ̀ sí pé ká má gba ìwé, ẹni tó bá bínú torí pé ẹ bi í ní ìwé ti dá yín lóhùn nìyẹn.

Àwọn gbájúẹ̀ pọ́ńbélé náà wà, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà: yàrá rèǹtè rente létí Oxford Road ní ìdajì iye táwọn yòókù ń gbà, onílé wà lókè òkun, ẹ fowó ránṣẹ́ kó fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́, èèyàn mẹ́ta míì ti fẹ́ gbà á lónìí. Ẹ má sanwó ilé tí ẹ̀yin tàbí ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán ò tíì wọ inú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣì wà ní Nàìjíríà tí hall ò bọ́ sí i, ẹ gba ibi tẹ́ ẹ máa sùn fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kẹ́ ẹ wá fi ojú ara yín wo ilé tẹ́ ẹ bá dé. Ó dà bíi ìnáwó, mo mọ̀, àmọ́ ó kéré sí dìpọ́sítì tó sọnù. Manchester Student Homes, tó wà lábẹ́ àwọn yunifásítì ibẹ̀, ní ilé àwọn onílé tí wọ́n fọwọ́ sí lórí ìkànnì wọn, ọ́fíìsì ìmọ̀ràn students' union náà sì máa bá yín wo àgírímẹ́ǹtì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.

Council tax, ìyẹn owó orí tí council ń gbà lórí ilé, ló kù. Akẹ́kọ̀ọ́ alákòókò kíkún kì í san án. Tó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo yín nínú ilé, kò sẹ́ni tó máa san kọ́bọ̀, ẹ kàn gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ yunifásítì kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí council, torí council kì í mọ̀ fúnra ẹ̀. Tí ẹnì kan ṣoṣo nínú yín bá ti jáde tó ń ṣiṣẹ́ lórí Graduate visa (físà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàwé tán), bíìlì máa wọlé, wọ́n á yọ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni yẹn ló sì ni ìyókù, kẹ́ ẹ ti sọ ọ́ kó tó kó wọlé. Ọkọ tàbí ìyàwó akẹ́kọ̀ọ́ tí físà ẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba, wọn kì í kà á mọ́ ọn, tí kì í bá ṣe ọmọ ìlú ọba, ẹ ní kí council yẹ̀ ẹ́ wò dípò kẹ́ ẹ kàn máa san án. Ibi tó sì ti ń gbá èèyàn mú ni ìparí kọ́ọ̀sì. Ọjọ́ tí yunifásítì kọ pé kọ́ọ̀sì yín parí ni ẹ̀tọ́ yẹn parí, kódà tí físà yín bá ṣì kù oṣù mẹ́rin, tẹ́ ẹ ṣì ń dúró de èsì, tẹ́ ò sì tíì rí iṣẹ́. Ẹ wo ọjọ́ yẹn lára lẹ́tà CAS yín, èyí tí yunifásítì fún yín kẹ́ ẹ fi gba físà, lónìí, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú fóònù, kẹ́ ẹ sì ya owó oṣù bíi méjì sọ́tọ̀ fún un.